Ìkíni Tó Kún Àpótí

Inú ló kọ́kọ́ bí mi, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Ọdún 1998 ni. Mò ń ṣiṣẹ́ títẹ̀wé ní ẹ̀ka kan ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀gá mi, lẹ́kíṣọ́rà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, pè mí wá síwájú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì wa. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní ibùdó tuntun kan ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, pé èèyàn á forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, á kọ orúkọ àwọn tó mọ̀, àwọn yẹn náà á kọ orúkọ àwọn tí wọ́n mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí. Ó ní òun ti kọ orúkọ tèmi, ó ku kí n tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ojú kọ̀ǹpútà náà dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ọ̀gá mi ní ọ̀rẹ́ òun ni mí, ṣé lóòótọ́ ni?

Ọ̀rẹ́ kẹ̀! Èmi abilékọ, ìyá ọmọ mẹ́ta, ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi ọkùnrin? Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀. Bí bàbá àwọn ọmọ mi bá rí èyí, kí ni kí n wí?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa rò ó bẹ́ẹ̀, pé bí àwọn òyìnbó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ní àwọn òyìnbó lè máa sọ ọ́ lọ, tèmi kọ́. Nígbà tó rí i pé mi ò fẹ́ gbà, ó bá mi yí i sí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Èyí náà ò tẹ́ mi lọ́rùn, ẹni tí mò ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀! Ṣùgbọ́n ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà náà tún bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí, irú orin wo ni mo fẹ́ràn, kí ni mo máa ń fi ọwọ́ dilẹ̀ ṣe. Mo ní, ta ló sọ fún un pé ọwọ́ mi ń dilẹ̀? Mo dìde, mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, mi ò bá má rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ mẹ́ta sí i, ọ̀gá ké nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mo sáré wọlé, mo rò pé iná ló gbé e. Ó ní òun ti rí ẹnì kan tí àwọn jọ lọ iléèwé girama, tí òun ti ń wá láti ogún ọdún. Ó fi hàn mí. Agbo kìíní ni àwọn tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀. Agbo kejì ni àwọn tí àwọn yẹn mọ̀. Agbo kẹta ni àwọn tí àwọn ti agbo kejì mọ̀. Inú agbo kẹta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà, ní Kánádà, pẹ̀lú orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè padà sídìí iṣẹ́ mi. Ọkọ mi kékeré ni mo rántí.

Ẹni tí kò bá gbé ilé ọkọ rí ní Ìrẹmọ, àdúgbò wa ní Ifẹ̀, ó lè má tètè yé e. Ọmọ Ẹdẹ ni èmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ, àbúrò ọkọ mi tó kéré jù, ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án, ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń jẹ àgbàdo sísun. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Eyín rẹ̀ funfun, ó tò rẹ́gí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ nìyẹn, kí i." Mo kúnlẹ̀ fún ọmọdé o, èmi tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí iléèwé girama. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: gbogbo ẹni tí wọ́n bá bí sínú ilé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ni, bó ti wù kó kéré tó. Orúkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ìyàwó. Ìyàwó á wá orúkọ mìíràn fún un. Eyín rẹ̀ yẹn ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ náà ò ní jáde nínú ìwé yìí, torí àárín èmi àti òun ló wà. Kò sẹ́lòmíì láyé tó ń fi pè é.

Òun náà ò pe orúkọ mi rí. Ìyàwó mi ló ń pè mí. Ó ń bá mi pọnmi, mò ń fi ẹran pamọ́ fún un sísàlẹ̀ ìkòkò. Bí ìyá rẹ̀ bá mú pàṣán, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí. Ojú mi ló ṣe dàgbà, tó di géńdé, tó gba ìwé àṣẹ láti lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo agboolé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dókítà kó tó gbé àpótí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Ìyá, ìyá ọkọ mi, ní òun máa sìn ín sọ́nà. Ó sìn ín, sìn ín, títí dé Ẹdúnàbọ̀n, níbi tí ẹ̀gbọ́n Ìyá kan ti ń ta iṣu létí títì. Níbẹ̀ ló ti wá sọ̀ kalẹ̀, tó dúró tó ń wo mọ́tò náà títí tó fi pẹ́ kọrọ̀ níwájú.

Ọdún méjì ni lẹ́tà fi wá déédéé. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko! Àwọn lẹ́tà tí ọkọ mi kọ ń padà wá bá wa. Nọ́ńbà tẹlifóònù tó fún wa, tí a bá pè é, obìnrin òyìnbó kan ló máa ń sọ fún wa pé kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ó ti wà lẹ́wọ̀n. Àwọn kan ò tilẹ̀ sọ tiwọn síta, wọ́n kàn máa ń wo Ìyá tàánú-tàánú.

Ọdún 1998 yẹn gan-an ni ojú Ìyá wá burú. Nǹkan funfun kan ti bo ojú ọ̀tún, ó ti lọ, kò sí àtúnṣe. Irú rẹ̀ ti ń bo ti òsì náà. Dókítà ojú ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó tó pẹ́ jù. Ó fún wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sígbà náà, ó sì kìlọ̀ fún wa pé bí ọjọ́ yẹn bá fi lè kọjá, òun ò lè ṣèlérí pé ojú náà á ṣì ṣeé gbà là. Ìyá fetí sí i jẹ́jẹ́. Nígbà tí a délé, ó ní òun ò lọ.

Ifẹ̀ pọ́nńbélé ni Ìyá ń sọ, ṣùgbọ́n èmi á kọ ọ́ ní èyí tí gbogbo wa gbọ́. Ó ní, "Ojú òsì yìí ni mo fi rí i gbẹ̀yìn ní Ẹdúnàbọ̀n. Ọ̀kan tó kù fún mi nìyí. Bí wọ́n bá bà á jẹ́, kí ni mo máa fi wò ó lọ́jọ́ tó bá dé? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọmọ mi ná, kí n mọ̀ pé ó wà láàyè. Ẹ̀yìn ìyẹn, kí wọ́n gé e bó ṣe wù wọ́n." Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wọn bẹ̀ ẹ́. Ìyá ní àwọn tó ń bẹ òun ò bá òun bímọ náà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè kúrò níbẹ̀ nígbà tí mo rí agbo kẹta. Mo dúró lẹ́yìn ọ̀gá mi, mo sọ fún ara mi pé bó bá wà nínú ayé yìí, màá wá a jáde. Màá wá a jáde kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn tó pé. Nígbà tí mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi nílé, ó ní, "Èyí tí mo fi ọdún mẹ́rin wá tí mi ò rí, kọ̀ǹpútà ló máa bá ọ wá a?" Mo ní kó sáà bá mi kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sínú bébà, gbogbo rẹ̀ pátá, bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Ó kọ ọ́. Mo ká a, mo fi í sínú báàgì mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọ̀gá rìnrìn àjò, ó ti ọ́fíìsì pa. Ẹ wo wàhálà! Mo bá gba bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan lọ ní Mayfair, àdúgbò kan ní Ifẹ̀ níbí, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì dé nígbà náà. Obìnrin ará Ìwó kan ló ni ín, alájà tó ti lọ sí Mẹ́kà, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, tó máa ń dúró lẹ́yìn oníbàárà bíi tísà lọ́jọ́ ìdánwò. Mo jókòó. Mo tú bébà náà, mo gbé e síwájú. Mo na ọwọ́ sí lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀, ọwọ́ mi ò lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹnu. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí mo ti fi orúkọ náà sábẹ́ ahọ́n, ọwọ́ mi ò fẹ́ ṣe ohun tí ẹnu mi ò ṣe. Alájà wò mí. Ó ní, "Ẹ ò mọ ibi tí lẹ́tà wà ni?" Èmi tí títẹ̀wé ni mo fi ń jẹun! Mo ní, "Ọkọ mi ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́." Ó wo bébà, ó wò mí, ó yé e. Òun náà ti wọlé ọkọ rí. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó fà mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

A dúró. Nígbà yẹn, ẹ máa dúró o. Èèyàn lè lọ ra mọ́ínmọ́ín lójúde kó tó padà wá bá ojú ewé kan ní ìdajì. Nígbà tó máa wá, ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Alájà tún un tẹ̀, bóyá a ti ṣì í. Kò sí. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n mi ò jáwọ́. Ọjọ́ kejì mo tún lọ, àti ọjọ́ kẹta. Mo ń ka orúkọ inú agbo ọ̀gá mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kejì, kẹta, bóyá màá rí ẹni tó jọ ará Ifẹ̀. Iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á kọ̀, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Alájà ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ lágídí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì ń parí lọ nígbà tí ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Orúkọ rẹ̀ ni mi ò lè tẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ bàbá wọn, èyí tó gbẹ̀yìn, orúkọ tèmi náà ni! Òun ni mò ń fọwọ́ sí lóṣooṣù níbi iṣẹ́. Mo tẹ orúkọ ìdílé náà nìkan, mo dúró. Ẹni méjì jáde wá. Ọ̀kan, èmi fúnra mi ni. Èkejì, orúkọ òyìnbó ló wà níwájú tiẹ̀, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí nílé wa, ó wà ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà, nínú agbo kẹta mi. Níbi tí wọ́n ti kọ iṣẹ́, ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé ó ń tọ́jú àwọn arúgbó.

Mo wò ó, mo tún un wò. Dókítà la ní a rán lọ. Ta ni èyí tó ń tọ́jú arúgbó? Ọkàn kan ní òun kọ́. Ọkàn kejì ní, orúkọ ìdílé wa yìí, èèyàn mélòó ló ń jẹ́ ẹ láyé? Mo pe alájà. Ó ní, "Ẹ kọ̀wé sí i. Bí kò bá ṣe òun, á ní òun kọ́." Ó fi àpótí kékeré kan hàn mí tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí ẹni tó wà nínú agbo.

Ẹ wá wo èmi nígbà tí mo jókòó sídìí àpótí yẹn! Mo ti ní ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́kàn. Mo fẹ́ sọ fún un pé ojú ìyá rẹ̀ ń fọ́. Mo fẹ́ bi í pé irú ọmọ wo ló ń fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, pé ṣé ìwé dókítà náà ò tíì parí ni, pé kí ló dé tó fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbóná lọ́kàn mi gan-an. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mi ò rí i sójú. Ṣé mo lè dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi kí n kàn bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láìkí i? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Ẹdẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí mo fi eyín rẹ̀ sọ ọ́. Mo ní mo kúnlẹ̀ níbí o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú àtijọ́. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú òtútù, mo gbọ́ pé òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àwọn arúgbó tí ẹ̀ ń tọ́jú, Ọlọ́run á fún yín lágbára. Ara ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń jẹun dáadáa? Ṣé ẹ ti gbéyàwó? Bí ẹ bá ti gbé e, mo kí i, ẹ ní ìyàwó ilé kí i. Àgbàdo ti jáde níbí, mo rántí yín. Mo fi ẹran yín pamọ́ sísàlẹ̀ ìkòkò, ó ṣì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dé tí mo wá mí kanlẹ̀, tí mo ní ó yá, ó kan ọ̀rọ̀ gidi. Mo tẹ ohun gbogbo tó wà lọ́kàn mi lọ rẹrẹ, mi ò gbójú sókè. Mo ní kí alájà bá mi fi ránṣẹ́.

Ó fi í ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà wá fi ohun tó gbé lọ hàn wá. Ìkíni nìkan ni! Ibi ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò ni àpótí náà ti kún, gbogbo ohun tí mo tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti dà á nù. Mo pariwo. Mo ní kí alájà jẹ́ kí n kọ òmíràn kíá. Mo kọ ọ́, ó kọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò sí nínú agbo kìíní rẹ, ìwé kan ṣoṣo lo lè kọ sí i, àfi tó bá fún ọ lésì. Yéè! Mo fẹ́ fọ́ nǹkan náà mọ́lẹ̀. Irú ìwà àìlọ́gbọ́n wo nìyẹn? Ta ló ń wọn ìkíni fún èèyàn? Alájà, tí kì í rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ kí i kú ohun gbogbo tán, ẹ ò sọ nǹkan kan."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ fún ọkọ mi. Mo kàn sọ pé mo ti kọ̀wé. Ó ní, "O ṣé," bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Lójoojúmọ́, tí mo bá ṣíwọ́, Mayfair ni mò ń gbà kọjá. Alájà, tí mo ti fún ní ọ̀rọ̀ ìwọlé mi kó máa bá mi wò ó, á ti máa mi orí pé kò tíì sí èsì kí n tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ kẹta lọ. Ìyá ti ń fi ọwọ́ wá ife kó tó mu omi. Ní ọjọ́ kan, mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní, "Ìyàwó, aṣọ wo lo wọ̀?" Mo sọ fún un. Ó ní òun mọ̀, òun kàn béèrè ni. Kò mọ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún, nígbà tí mo nu ojú tán, mo pinnu pé n ò ní yé lọ sí Mayfair títí tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn á fi pé, kódà kí alájà lé mi.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹrin ni alájà dúró dè mí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò mi orí. Ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó ná." Ó ti tẹ ìwé náà jáde sórí bébà, kí ìlà má baà já kí n tó dé. Mo rí Ìyàwó mi ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Alihamudulilahi! Mo kígbe débi tí àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì fi yíjú.

Mo ṣì ní bébà náà. Ó ní òun ni. Ó ní ọdún kejì lòun ti fi ẹ̀kọ́ dókítà sílẹ̀, ó ju agbára òun lọ, òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́. Ó ní gbogbo lẹ́tà tó ti ilé wá, ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀, pé ìgbà wo lo máa parí, Dókítà? Nígbà tó yá, òun ò ṣí wọn mọ́. Òun kó kúrò nílé yẹn, òun fi orúkọ òyìnbó rọ́pò orúkọ òun kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni nítorí òun. Ó wá ní: "Nígbà tí mo rí orúkọ tí ẹ fi ń pè mí, ó ku díẹ̀ kí n pa kọ̀ǹpútà náà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ìkíni ni ìbéèrè náà máa wà. Mo ń kà á, mo ń dúró dè é. Mo kà á dé ibi ẹran, ó tán. Ìyàwó mi, láti ọdún mẹ́rin, ẹ̀yin nìkan lẹ kí mi tí ẹ ò bi mí ní ìbéèrè náà. Mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún bí ọmọdé." Ó ní kí a wá tẹlifóònù tí òun lè pè, òun fẹ́ gbọ́ ohùn Ìyá.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bébà náà lọ́wọ́. Ìbéèrè náà wà o. Èmi ni mo kọ ọ́, ó gbóná ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Àpótí tí mo ṣépè fún ni kò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbójú sókè wo alájà. Ó ti kà á, ó mọ̀. Ó ní, "Ẹ má sọ fún un." Títí di òní, mi ò sọ.

Nọ́ńbà tẹlifóònù alájà la fún un. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí dókítà ojú fún wa. Èmi àti ọkọ mi fi takisí gbé Ìyá láti Ìrẹmọ. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di gèlè. Ó jókòó ti tẹlifóònù, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Nígbà tó dún, gbogbo wa ta gìrì. Èmi ni mo gbé e. Ohùn rẹ̀ ti ki, ó ti di ohùn àgbàlagbà, ṣùgbọ́n nígbà tó ní "Ìyàwó mi," mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì alájà. Mo gbé e fún Ìyá.

Ìyá kọ́kọ́ kì í ní oríkì rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ sókè gan-an, bí ẹni pé ọmọ náà ṣì wà ní Ẹdúnàbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó tẹ́tí. Mo mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń sọ fún un pé òun ò di dókítà, pé arúgbó lòun ń tọ́jú; ọkọ mi ń wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá sún tẹlifóònù mọ́ etí. Ó ní, "Àwọn arúgbó yẹn, ìwọ lò ń wẹ̀ wọ́n?" Ó gbọ́ èsì. Ó ní, "Ṣé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lo fi ń wẹ̀ wọ́n?" Ó tún gbọ́. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ó dáa. Máa rọra fọ ẹ̀yìn wọn, egungun arúgbó máa ń dùn wọ́n."

Ó na tẹlifóònù sí ọkọ mi. Ọkọ mi, tó ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ láti ọdún mẹ́rin, gbà á, ó kàn lè sọ pé, "Àbúrò mi, ṣé o ti jẹun?" Ó sì yíjú sí ògiri.

Ìyá na ọwọ́, ó ń wá mi. Mo sún mọ́ ọn, mo fún un lọ́wọ́ mi. Ó dì í mú gírígírí.

Ó ní, "Ìyàwó, ọjọ́ wo ni dókítà yẹn ní kí n gbé ojú wá?"